Ìdílé Tó Tẹ Àwòrán Mami Wata

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà Ṣàgámù, ẹ̀yin télọ̀ àti bábà Òde Rẹ́mọ, ta ni kò mọ àwòrán Mami Wata, obìnrin onírun gígùn tí ejò lọ́ mọ́ lára? Àwọn kan á ní inú òkun ni wọ́n ti rí i yà. Irọ́ ni o! Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, láàrin 1880 sí 1890. Obìnrin tó ń fi ejò dá èrò lára yá ni.

Ìdílé Friedländer ló tẹ̀ ẹ́. Adolph, bàbá wọn, dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀ ní 1872. Òkúta ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Wọ́n á fi ohun ọlọ́ràá ya àwòrán sí i, wọ́n á wọ́n omi sí i. Íǹkì á mú ibi ọ̀rá, kò ní mú ibi omi. Ẹ̀yin aládìrẹ mọ irú ọgbọ́n yìí: ibi tí ẹ bá fi ẹ̀kọ yà, aró kì í mú un. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òkúta tirẹ̀. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀!

Nígbà tó fi máa di 1901, wọ́n ti gbẹ́ ère tó jọ àwòrán yìí ní Bonny. Adolph kú ní 1904, àwọn ọmọ rẹ̀, Ludwig àti Otto-Max, gba iṣẹ́. Àwòrán tí ìdílé náà tẹ̀ lé ní 9,000. Àfi ìgbà tí Hitler gorí àga! Júù ni wọ́n, ni ìjọba bá lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ bàbá wọn.

Àwòrán yìí kò bá wọn kúrò nílẹ̀. Ní 1955, Shree Ram Calendar Company ní Bombay, ilẹ̀ Íńdíà, tún un tẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, wọ́n sì fi 12,000 ránṣẹ́ sí oníṣòwò méjì ní Kumasi, ní Ghana.