Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Yan Ọ̀dà

Ọmọ tí wọ́n bí sílé onílù lè máa jẹ́ Àyándélé tàbí Àyánkúnlé. Ti ilé ọdẹ á jẹ́ Ọdẹ́wálé, ti ilé awo á jẹ́ Fágbèmí, ti ilé eléégún á jẹ́ Ọ̀jẹ́wálé. Bàbá ọmọ kì í ṣàdédé mú orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò wálé lọ́jọ́ kẹjọ nítorí pé ó dùn létí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ti ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpinnu kan, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ìpinnu náà yóò máa gbé. Ìsọ̀ ọlọ́dà wà lára ibi tí òwe yìí ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní, bẹ́ẹ̀ ilé gan-an ni wọ́n fẹ́ kùn.

Bó ṣe máa ń rí ni pé onílé á na fóònù sí péńtà, á ní kó bá òun ṣe é bí èyí tó wà nínú àwòrán. Pálọ̀ kan ni, ògiri rẹ̀ dúdú ju aró lọ, iná kékeré méjì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá, òtútù wà níta, iná mànàmáná kì í sì í sábà lọ. Yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀ lè tu ará ibẹ̀ lára. Ilé tirẹ̀ ló wò tó fi yan ọ̀dà tirẹ̀. Ẹni tó gbé ọ̀dà yẹn wá sí Àkúrẹ́ tàbí Ìkòròdú, ilé onílé ló wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká wò ni oòrùn. Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà lọ́sàn-án gangan, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lókè orí wa. Òrùlé ló ń kọ́kọ́ fara gbá a, lẹ́yìn náà ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà jù, torí ìgbà tí ooru ọ̀sán ti kún gbogbo ilẹ̀ ni oòrùn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó dára lè dá bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn padà. Ọ̀dà dúdú lè gbé tó ìdá 90 mì. Búlọ́ọ̀kù á fi ooru yẹn pamọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sínú yàrá lásìkò tí àwọn ará ilé fẹ́ sùn. Bí iná bá wá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí fáànù dúró, ẹni tó yan ọ̀dà á mọ ohun tó yàn.

Ìlú New York mọ̀ nípa èyí dáadáa. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ní ètò kan tó ń kun òrùlé ilé ní funfun kí ooru ẹ̀ẹ̀rùn lè dín kù. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ti po ọ̀dà funfun kan tó ń dá ìdá 98.1 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán oòrùn padà. Bí àwọn tó ń rí yìnyín lọ́dọọdún bá lè ṣe tó báyìí nítorí oòrùn, kí ló dé tí òrùlé dúdú fi wá gbòde nílùú tiwa?

Ẹnìkan lè sọ pé inú ilé àwọn baba wa ṣókùnkùn, síbẹ̀ ó tutù. Òótọ́ ni. Ohun tó mú un tutù ni ògiri amọ̀ tó nípọn, koríko tó bo òrùlé, etí òrùlé tó yọ síta tó ń ṣíji bo ògiri, àti fèrèsé kékeré. Àwọn ará ilé kì í sì í jókòó sínú yàrá lọ́sàn-án; ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń gbàlejò. Ilé búlọ́ọ̀kù onípáànù kò ní èyíkéyìí nínú ààbò wọ̀nyẹn, inú rẹ̀ la sì ń gbé látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀dà ti wá ní iṣẹ́ tí kò ní láyé wọn.

Àwọn baba wa náà kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọ̀, pàápàá níbi tó ti ṣe pàtàkì sí wọn. Àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ òrìṣà mọ̀ pé ẹfun ló yẹ ilé Ọbàtálá. Onílé ni wọ́n ń wò.

Inú ilé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lára káàdì àwọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ń tẹ̀, ẹ lè rí lẹ́tà LRV pẹ̀lú iye kan láti 0 dé 100. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀dà náà ń dá padà nìyẹn: dúdú wà nísàlẹ̀, funfun wà lókè. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kan ògiri aládùúgbò nílò ọ̀dà tí iye rẹ̀ ga, torí gílóòbù kan tó tó lójú ògiri kíríìmù kò ní tó lójú ògiri dúdú. Owó epo jẹnẹrétọ̀ wà nínú ìṣirò yẹn.

Ṣùgbọ́n òwe kò ní kí gbogbo ọmọ máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri ìta lẹ́yìn òjò ńlá kan: omi òrùlé á máa ta ilẹ̀ pupa sókè, á fi àbàwọ́n sí ọ̀dà funfun títí dé orúnkún. Ìdí nìyí tí àwọn péńtà àtijọ́ fi máa ń fa ọ̀dà ṣokoléètì sí ìsàlẹ̀ ògiri, tí wọ́n á wá fi kíríìmù kun òkè. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì dunni pé àwọn ilé tuntun ń pa á tì. Àmọ́ bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ olómi, ọ̀dà dúdú nísàlẹ̀ á tú àṣírí: omi á gun ògiri láti abẹ́, á gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì hù síta ní funfun, tí ẹ bá fi ìka pa á, á rí kúnná bí ìyẹ̀fun. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo omi náà sàn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Ẹni tó ń gbé ilé náà ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń sùn lọ́sàn-án, lè rí ìsinmi gidi nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nílò nǹkan mìíràn. Bí ògiri, ilẹ̀kùn àti táìsì bá funfun bákan náà, kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́sọ́nà ìkọ́lé fún ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ dábàá kí àlàfo LRV tó 30 wà láàárín irú ojú ibi méjì bẹ́ẹ̀. Nílé tiwa, ilẹ̀kùn aláwọ̀ igi dúdú lára ògiri kíríìmù ti tó láti ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ ra ọ̀dà kékeré, ẹ kun ojú ibi tó gbòòrò lára ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí ọ̀dà olómi sábà máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ. Ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lábẹ́ iná alẹ́, kí ẹ sì pe ẹni tó ń pẹ́ nílé jù kó wá wò ó pẹ̀lú yín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó sanwó ìyókù, torí ìsọ̀ ọlọ́dà kì í sábà gba ọ̀dà tí wọ́n ti po àwọ̀ sí padà.