Ẹ̀fọ́ tí wọ́n wọ́nmi sí kọ́ ni ẹ̀fọ́ tuntun: Ọ̀rọ̀ àwọn ìkànnì tó ń pín mod géèmù

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọjà ná mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ tí omi ń kán lára rẹ̀ ni wọ́n já láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òmíràn ti sun ọjà mọ́jú, omi ni wọ́n wọ́n sí i tó fi ń dán. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lórí àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń pín mod géèmù, ó sì yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré ọmọdé.

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, mod ni àtúnṣe tàbí àfikún tí àwọn tó fẹ́ràn géèmù kan ń fọwọ́ ara wọn ṣe sí i, tí wọ́n sì ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ńlá ni. Counter-Strike tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, mod tí wọ́n ṣe sórí géèmù Half-Life ni lọ́dún 1999, kó tó di pé ilé-iṣẹ́ Valve rà á. Lára àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Nexus Mods, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, Mod DB, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, Steam Workshop, tí Valve dá sílẹ̀ ní 2011, àti CurseForge, tí àwọn tó ń ṣe Minecraft mọ̀ bí ẹni mowó.

Ibo wá ni ìṣòro wà? Mod pọ̀ lórí ìkànnì bẹ́ẹ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wò tán lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń ní abala kan fún èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí èyí tọ́wọ́ kàn gbẹ̀yìn yóò sì wà lókè. Òfin yìí dára lójú, ṣùgbọ́n ó ní àlèébù. Níbi tí kò bá ti sí ìdíwọ̀n mìíràn, ẹni tó pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo yóò gun orí gbogbo ènìyàn, ẹni tó fi ọdún kan gbáko ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí yóò sì rì sísàlẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Owó sì wà níbẹ̀: láti 2018 ni Nexus Mods ti ń pín owó fún àwọn tó ń ṣe mod, gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tó gba iṣẹ́ wọn. Ipò lórí ìkànnì ti di oúnjẹ.

Èkejì ni pé ọjọ́ nìkan kò sọ bóyá mod kan yóò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Bethesda ṣe àtúnṣe ńlá sí géèmù Skyrim. Ọ̀pọ̀ mod tó gbára lé irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SKSE ló dákú lójijì, títí kan èyí tí wọ́n tún ṣe lóṣù tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn pààrọ̀ àwọ̀ òkúta àti igi nínú géèmù náà kò mira, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ lọ́dún mélòó kan. Èwo ló wá jẹ́ tuntun nínú méjèèjì?

Ẹ̀kẹta ló léwu jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àṣírí tú pé àwọn ọ̀daràn ti wọ inú àkáǹtì àwọn kan tó ń ṣe mod Minecraft lórí CurseForge, wọ́n sì ti fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ ní Fractureiser pamọ́ sínú àtúnṣe tí wọ́n gbé jáde lórúkọ wọn. Fáírọ́ọ̀sì náà lè jí páásìwọ́ọ̀dù tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí Downfall, mod géèmù Slay the Spire, lórí Steam. Ọmọ tó ń ṣe géèmù lórí kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ̀ fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ni ṣíṣe? Lójú tiwa, kí wọ́n kọ́kọ́ ya mod tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n tún ṣe. Kí ọjọ́ àtúnṣe má yí padà àfi bí fáìlì fúnra rẹ̀ bá yí padà, kí ẹni tó ṣe é sì kọ ohun tó yí padà sílẹ̀. Kí ẹni tó ń wá mod lè tò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà géèmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí fáìlì kankan má sì bọ́ sí gbangba láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún fáírọ́ọ̀sì.

Àwọn kan yóò ní òfin báyìí yóò ni ẹni tó fẹ́ tètè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá ti parí, kí àtúnṣe náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo mod ọ̀hún lójú ẹsẹ̀; àyè orí àtẹ níwájú ìkànnì nìkan ló yẹ kó níwọ̀n. Valve ti ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ń ta géèmù lórí Steam: iye ìgbà kan pàtó ni wọ́n ń fún wọn láti polówó àtúnṣe wọn lójú ọjà, síbẹ̀ wọ́n lè tún géèmù wọn ṣe nígbà tó bá wù wọ́n.

Oníbàárà tó bèèrè ẹ̀fọ́ tuntun kò bèèrè ìgbà tí wọ́n wọ́nmi sí i gbẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n já a, àti oko tó ti wá, ló fẹ́ mọ̀. Ohun tó yẹ kí àwọn ìkànnì yìí máa sọ fún àwọn tó ń ná ọjà wọn gan-an nìyẹn.