Ẹ̀sìn rẹ ńkọ́? Ọmọ ibo ni ẹ́? Owó rẹ dà? Ìbéèrè kẹta ni ká dì mú fún 2027

Ọ̀rọ̀ ìbò 2027 ti gba ẹnu gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá ṣí gúrúùpù WhatsApp ẹbí yín, tàbí ti àwọn tí ẹ jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ máa rí i pé ìbéèrè mẹ́ta kan náà ló tún ń jà ràn-ìn níbẹ̀. Ẹ̀sìn wo ni ọkùnrin yìí ń ṣe? Ọmọ ibo gan-an ni? Níbo ló ti rówó?

Kéèyàn béèrè kò burú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé méjì àkọ́kọ́ là ń fi gbogbo ẹnu pariwo. Nígbà tó bá wá kan ẹ̀kẹta, ìyẹn owó, méjì àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n máa fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìbò 2023, kó lè yé wa dáadáa.

Kí ni òfin fúnra ẹ̀ ń béèrè?

Ohun mẹ́rin ni ẹsẹ 131 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tó fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní. Kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti inú ìbí. Kó ti pé ọdún 35 (ọdún 40 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà ní 2018). Kí ẹgbẹ́ òṣèlú fà á kalẹ̀. Kó sì ti kàwé dé ìwọ̀n sẹ́kọ́ńdìrì, ó kéré tán.

Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀sìn kò sí níbẹ̀? Ẹsẹ 10 tiẹ̀ sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìlú. Ní ti owó, ẹsẹ 140 ní ààrẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ àfi tó bá kọ́kọ́ kéde gbogbo dúkìá rẹ̀, kó sì búra. Òfin tún ní kó máa kéde ẹ̀ lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń lọ.

Ìyẹn ni pé òfin ò béèrè ẹ̀sìn rárá, ẹ̀ẹ̀kan ló béèrè ìlú, àmọ́ àìmọye ìgbà ló béèrè owó. Àwa aráàlú ló wá yí i po. Ẹ̀sìn là ń bi wọ́n láàárọ̀, ìlú là ń bi wọ́n lọ́sàn-án. Nígbà tó bá máa fi kan owó, oorun ti ń kùn wá.

Ti ẹ̀sìn

Ní ọjọ́ 10, oṣù keje, 2022, Aṣíwájú Bọ́lá Tinubu kéde Kashim Shettima gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi, CAN, fárí gá. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà tí wọ́n fi Shettima han aráyé l'Ábùjá, àwọn kan wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù wá síbẹ̀, CAN sì ní àwọn ò mọ̀ wọ́n rí. Ọjọ́ pípẹ́ ni Twitter fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ló mi orí pé ẹ̀sìn kì í ṣe ìṣòro Yorùbá. Wọn ò parọ́ nínú ìyẹn. Ilé tí bàbá ti ń kírun tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò ṣàjèjì sí wa. Ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì, ikùn kan náà ló ń lọ. Pásítọ̀ ìjọ Ridíìmù ni ìyàwó Tinubu fúnra ẹ̀. MKO Abíọ́lá àti Babagana Kingibe jọ díje ní 1993, Mùsùlùmí ni wọ́n méjèèjì, a sì dìbò fún wọn.

Àmọ́ kò sí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ nínú àwọn olùdíje náà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn ni Peter Obi ń lọ nígbà ìpolongo. Lẹ́yìn ìbò, ohùn kan jáde tí wọ́n ní òun ló ń sọ fún bíṣọ́ọ̀bù ńlá kan pé ogun ẹ̀sìn ni ìbò náà. Obi ní irọ́ ni, wọ́n ṣe ayédèrú ohùn òun ni. Alhaji Atiku Abubakar náà ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún 2022, nígbà tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Sokoto torí wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú òpó Atiku tó bẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń halẹ̀ pé àwọn ò ní dìbò fún un. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ní wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó gbé e síta.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ka orí ìbò nínú mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ti ìlú

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni wọ́n bi léèrè pé ọmọ ibo ni wọ́n.

Wọ́n bí Atiku sí Jada ní 1946. Nígbà yẹn, abẹ́ ilẹ̀ Cameroon tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Jada wà. Ní 1961 ni àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé Nàìjíríà làwọn ń bá lọ. Ohun tí APC dì mú ní kóòtù ní 2019 nìyẹn, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà láti inú ìbí. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ti ṣe igbákejì ààrẹ fọ́dún mẹ́jọ gbáko! Kò sí ẹni tó fi ìyẹn dá a dúró, ó tún díje ní 2023.

Wọ́n bi Tinubu léèrè nípa àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù Guinea jáde. Kóòtù ò fi ìyẹn yọ ọ́ nípò.

Ti Obi yàtọ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn pé ọmọ Nàìjíríà ni, ohun tí wọ́n sọ ni pé Igbo ni. Ìyẹn nìkan ti tó fún àwọn kan. Ìgbà tí èsì ìbò ààrẹ jáde tí Obi fi ìbò 582,454 borí Tinubu tó ní 572,606 l'Ékòó, ọ̀rọ̀ di ìjà ìgboro. Nígbà tó máa fi di ìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, wọ́n ti ń bi Gbadebo Rhodes-Vivour, ọmọ Èkó, nípa ìyá tó bí i. Ní àwọn ibùdó ìdìbò kan, wọ́n lé àwọn èèyàn torí pé ojú wọn jọ ti Igbo. Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n lé. Ìyẹn nìyà tó máa ń wà nínú fífi ojú lásán mọ ọmọ onílùú.

Ti owó ńkọ́?

Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Torí náà, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 1993, kóòtù kan ní Chicago pàṣẹ kí ìjọba Amẹ́ríkà gba 460,000 dọ́là nínú àkáǹtì Tinubu, torí ìjọba ibẹ̀ so owó náà mọ́ òwò oògùn olóró. Àwọn lọ́yà rẹ̀ ní owó ni wọ́n pè lẹ́jọ́, pé ẹnikẹ́ni ò dá a lẹ́bi ọ̀daràn. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ìbò àti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ìyẹn wọlé ní 2023.

Ní 2010, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà gbé ìwé jáde. Wọ́n ní láàrin 2000 sí 2008, owó tó lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là tó ń fu àwọn lára wọ Amẹ́ríkà láti ọwọ́ Atiku àti ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Atiku ní òun ò ṣe ohun tó lòdì sófin. Wọn ò gbé e dé kóòtù lórí ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá 2021, àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní Pandora Papers tú síta. Wọ́n fi hàn pé Obi ní iléeṣẹ́ lókè òkun tí kò kọ sínú dúkìá tó kéde nígbà tó ń ṣe gómìnà Anambra. Obi ní òun ò mọ̀ pé òfin ní kí òun kọ ohun tí òun àti ẹbí òun jọ ni síbẹ̀.

Ó dáa. Ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀kan nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Tí o bá bi ti Tinubu, wọ́n á ní o kórìíra Yorùbá, pé ṣé o fẹ́ kí Igbo gba Èkó ni? Tí o bá bi ti Obi, wọ́n á ní o kórìíra Igbo, o sì ń bá ọmọ Ọlọ́run jà. Tí o bá bi ti Atiku, wọ́n á ní àwọn ará Gúúsù ò fẹ́ràn Hausa-Fulani. Kò sí ẹni tó mú ìwé ìṣirò owó jáde. Ẹ̀sìn àti ìlú ni wọ́n fi ṣe apata fún owó. Àwa ọmọlẹ́yìn ló sì ń bá wọn gbé apata náà, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú dátà tí a fi owó ara wa rà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè

Ẹ má gbàgbé bí oṣù kejì 2023 ṣe rí. Ìjọba pààrọ̀ owó, ATM gbẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oníPOS. Inú ìyà yẹn la ti lọ dìbò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń jà lórí Jada àti lórí aṣọ bíṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu Tinubu, Atiku àti Obi kò lórí ẹ̀: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ pé àwọn máa yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ẹni yòówù kó wọlé nínú wọn, ó máa kàn wá. Ìbéèrè tó yẹ ká fi há wọn mọ́ ni pé: tí ẹ bá yọ ọ́ lónìí, kí lẹ máa ṣe nípa owó ọkọ̀ lọ́la? Kí lẹ máa ṣe sí owó oṣù? Ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ṣe rí?

A ò béèrè. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Tinubu búra, ọjọ́ náà gan-an ló sì kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróò kan kúrò ní nǹkan bíi ₦190, ó lé ní ₦480 l'Ékòó. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù kejì 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi náírà san owó iléèwé lókè òkun, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ìyókù. Kò sí kọndọ tó béèrè bóyá Kìrìsìtẹ́nì ni èrò ọkọ̀ kó tó fi owó lé owó.

Inú dúrọ́ọ̀ ni ìdáhùn wà

Àwọn ààrẹ kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kéèyàn sọ ohun tó ní fún aráyé. Umaru Yar'Adua ṣe é ní 2007, dúkìá tó kéde lé ní mílíọ̀nù ₦850. Ní 2015, Muhammadu Buhari sọ iye tó ní nílé ìfowópamọ́, kò tó mílíọ̀nù ₦30, ó tiẹ̀ ka màlúù 270 mọ́ ọn. Goodluck Jonathan kọ̀ jálẹ̀ ní 2012 pé òun ò ní gbé tòun síta. Buhari fúnra ẹ̀ ò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní 2019. Tinubu ò tíì gbé tirẹ̀ síta fún aráàlú.

Àjọ tó ń tọ́jú ìwé dúkìá wọ̀nyí ni Code of Conduct Bureau. Ìwé òfin sọ pé aráàlú lè wá wo àwọn ìwé náà, ní ìlànà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá là sílẹ̀. Láti 1999, ilé aṣòfin ò la ìlànà kankan sílẹ̀. Torí náà, tí oníròyìn tàbí aráàlú bá lọ béèrè, ohun tí àjọ náà máa ń sọ ni pé ìlànà ò tíì sí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, àwọn aṣòfin náà sì ní ìwé tiwọn nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí kọ́kọ́rọ́ fi sọnù?

Ẹ̀yin tí ẹ máa dìbò, iṣẹ́ kékeré rèé. Tí sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í bóyá ó máa dá sí òfin tó máa ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ, ẹ ní kó gbé dúkìá rẹ̀ síta kó tó dé orí pèpéle, kó má dúró dìgbà tó bá wọlé. Tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bá wá fi ẹ̀sìn dá yín lóhùn, tàbí ó ní torí ìlú tó ti wá lẹ ṣe ń béèrè, ẹ má bá a jà. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá bi í pé: "Ó dáa, owó ńkọ́?"