Kí Onílé Kí O Tó Wo Ilé

Ní àsìkò ìsinmi, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bá òbí wọn lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n fẹ́ rí ohun tí kò sí ní ìlú tiwọn. Ìyẹn dára. Ẹni tó bá rìn ni ó ń rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àlejò kò gbọ́dọ̀ gbàgbé sílé. Ohun náà ni ìkíni. Ẹni tó lọ wo ìlú, kí ó kọ́kọ́ kí ará ìlú.

Ẹ wo ìdílé kan láti Kétu. Ìbejì wà nínú ìdílé náà. Táyé jẹ́ ọkùnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin. Nígbà ìsinmi, Bàbá àti Ìyá mú wọn lọ sí Kútọnú fún ọjọ́ 3. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní ìdájí. Wọ́n kọjá Pobè, wọ́n kọjá Sakété, wọ́n sì kọjá Àjàṣẹ́ kí wọ́n tó dé Kútọnú.

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n rìn káàkiri ìlú. Alùpùpù pọ̀ ní Kútọnú ju ti Kétu lọ! Àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ni wọ́n ń pè ní zémidjan. Aṣọ àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń wọ̀. Táyé bẹ̀rẹ̀ sí ka aṣọ náà. Nígbà tó ka 100, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ wo ère ńlá kan. Ère obìnrin jagunjagun ni. Gíga rẹ̀ tó mítà 30. Kẹ́hìndé gbé orí sókè títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti ẹja díndín, wọ́n sì lọ sí etí òkun. Ìgbì omi ń pariwo.

Bàbá sọ fún wọn pé, «Ẹ má wọ inú rẹ̀ o. Òkun yìí máa ń fa ènìyàn lọ.»

Àwọn ìbejì gbọ́ràn. Wọ́n dúró lórí iyanrìn. Bí omi bá ti ń bọ̀, wọn á sá. Bí omi bá padà, wọn á tún lé e. Ẹ̀rín ni wọ́n rín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí Abomey-Calavi láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Adágún ńlá kan wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Nokoué. Bàbá ọlọ́kọ̀ gbé wọn lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi. Orí igi gígùn ni àwọn ilé náà dúró lé. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà. Ọkọ̀ ni àwọn ọmọ fi ń lọ sí ilé ìwé. Àwọn apẹja ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi kí ẹja lè máa gbé inú rẹ̀, kí ó sì máa pọ̀ sí i. Akaja ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Obìnrin kan ń ta ọ̀pẹ̀yìnbó nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kẹ́hìndé gba fóònù Ìyá, ó fẹ́ ya fótò. Kíá, obìnrin náà fi fìlà bo ojú rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí wọn.

Kẹ́hìndé béèrè pé, «Ìyá, kí ló dé tó fi kẹ̀yìn sí wa?»

Ìyá ní, «Ṣé o kí i?»

«Rárá, Ìyá.»

«Bí àlejò bá wọ ilé ìyá àgbà ní Kétu ńkọ́? Bí kò kí wọn, tó kàn ń ya fótò ìkòkò ọbẹ̀ wọn, kí ni wọ́n máa ṣe?»

Táyé dáhùn pé, «Ìyá àgbà á fi ọmọ orógùn lé e jáde!»

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé da fóònù padà fún Ìyá. Ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní, «Ẹ káàárọ̀, ìyá.»

Obìnrin náà yíjú padà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, «Kuabo!»

Ẹnu ya àwọn ìbejì. Ó jọ «Ẹ kú àbọ̀»! Bàbá ọlọ́kọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Fọ̀n àti àwọn Gùn náà ṣe ń kí àlejò. Ìyá ra ọ̀pẹ̀yìnbó 2. Bàbá ọlọ́kọ̀ wá bá Kẹ́hìndé tọrọ fótò. Obìnrin náà tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì gbà.

Àwọn kan lè sọ pé, «Àlejò ti sanwó, kí ó wo ohun tó wù ú.» Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Owó ọkọ̀ ni àlejò san. Kò ra ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn ń sùn ní Ganvié, wọ́n ń se oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ilé wọn ni.

Ìdí mìíràn wà. Nígbà tí Kẹ́hìndé kò tíì kí obìnrin náà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló rí. Nígbà tó kí i tán, ó rí ẹ̀rín, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ó sì rí fótò yà. Ẹni tí kò kí ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ló pàdánù.

Ìdí kẹta ló tóbi jù. Láyé àtijọ́, àwọn kan ń mú ènìyàn tà lẹ́rú. Ìbẹ̀rù wọn ló lé àwọn baba ńlá ará Ganvié lọ sórí omi. Ìlú tó sá fún àlejò búburú, ó yẹ kí ó rí àlejò rere.

Ó yẹ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún omi náà pẹ̀lú. Táyé mu omi inú ọ̀rá tán, ó sì fi ọ̀rá náà sínú àpò rẹ̀. Kò jù ú sínú adágún. Inú adágún ni ẹja ń gbé, òun náà sì ni àgbàlá àwọn ará Ganvié.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n lọ sí Wídà. Etí òkun ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn dé Bùràsíìlì àti Kúbà, wọn kò sì padà wálé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà níbẹ̀ báyìí láti rántí wọn. Àwọn ìbejì kò sáré níbẹ̀, wọn kò pariwo. Bàbá ṣí fìlà. Níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni ìkíni.

Àlejò máa ń wá sí Kétu náà. Wọ́n ń wá wo Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ti ìlú Kétu. Inú ará Kétu máa ń dùn bí àlejò bá kí wọn. Bí ó ti rí ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Kútọnú, ní Ganvié àti níbi gbogbo. Kí ọmọ rìn, kí ó ṣeré, kí ó ya fótò. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kí onílé.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí obìnrin ọlọ́pẹ̀yìnbó fi bo ojú rẹ̀?
2. Kí ni Táyé fi ọ̀rá omi rẹ̀ ṣe?
3. Bí àlejò bá wá sí ìlú rẹ, báwo ni o ṣe fẹ́ kí ó ṣe?