Ó Yẹ Kí Ìmọ̀ràn Dókítà Dé Orí Fóònù Ní Èdè Yorùbá

Nígbà tí obìnrin bá parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, àwọn ará ilé a máa bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ní òru, ooru á mú un lójijì, òógùn á bò ó, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọmọ 40 ọdún.

Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ lè mú kí ilé ẹyin inú obìnrin dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tamoxifen, tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò fún ọdún 5 sí 10 kí àrùn náà má baà padà, lè fa ooru yìí pẹ̀lú.

Abéèrè kì í ṣìnà. Àmọ́ èdè wo ni ẹni tí kò gbọ́ Faransé yóò fi béèrè ní ilé ìwòsàn Kútọnu? Ojú ń tì í, ó dákẹ́. Níkẹyìn, ó lè dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí àrùn náà lè padà.

Ìmọ̀ràn tó nílò kò gùn. Kí ó wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ó gbé omi tútù àti abẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀bá ibùsùn. Kí ó dín ọtí àti ata kù. Kí ó má ṣe lo oògùn họ́mọ̀nù tàbí àgbo láìsọ fún dókítà, nítorí òmíràn lè jí àrùn náà. Kí ó má sì rò pé oyún kò lè dé mọ́. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, dókítà ní oògùn mìíràn tí kì í ṣe họ́mọ̀nù.

Ní Gúúsù Áfíríkà, láti ọdún 2014 ni ìjọba ti ń fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí fóònù àwọn aboyún nípasẹ̀ MomConnect, ní èdè 11. Ohun tó ṣeé ṣe fún aboyún ṣeé ṣe fún ẹni tó la jẹjẹrẹ já. Fóònù kò ṣàjèjì sí ìyálọ́jà Tokpa. Ohùn ló fi ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn máa fi ìmọ̀ràn kúkúrú ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Yorùbá, Fọ̀n àti àwọn èdè yòókù, ní kíkọ àti ní ohùn, kí nọ́ọ̀sì kan sì wà tí yóò dáhùn ìbéèrè. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba àṣẹ obìnrin náà, kí wọ́n má sì dárúkọ àrùn rẹ̀, nítorí ojú púpọ̀ ló ń wo fóònù nínú ilé.

Ẹni tó la ogun já kò yẹ kó dá nìkan jà ní òru.