Ìwé Àṣẹ Yẹ Fún Títú Asibẹ́sítọ́ọ̀sì

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kasarawa ní ìlú Sókótó, ìbáà ṣe onílé, ayálégbé tàbí káfíńtà. Bí àjà tàbí òrùlé ilé àtijọ́ bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ewu ni kí a fi òòlù fọ́ ọ tàbí kí a fi ayùn rẹ́ ẹ. Eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, ta ni yóò rántí iṣẹ́ ọjọ́ kan?

Ní 1999 ni ilẹ̀ Bírítéènì fòfin dè é pátápátá. Ẹni tí kò bá sì ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tú èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ó yẹ kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Sókótó àti àjọ NESREA, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní Sókótó: kí wọ́n kọ́ àwọn oníṣẹ́, kí wọ́n fún wọn ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì ya ibi tí a ó máa rì í mọ́lẹ̀ sọ́tọ̀.

Títí di ìgbà náà, èyí tí kò bá tíì fọ́, kí onílé má fọwọ́ kàn án. Èyí tí títú rẹ̀ bá di dandan, kí a fi omi rin ín, kí a tú u lódindi, kí a sì dì í sínú ọ̀rá tí ó nípọn. Ẹni tí ó torí oúnjẹ òòjọ́ dé ẹ̀yìn odi kò yẹ kí ó fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tún ilé onílé ṣe.