Gáàsì kì í rú èéfín dúdú, àmọ́ ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin ni owó iná ti di ẹrù sí àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́rùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 488 náírà láwọn ilé-epo NNPC l'Ékòó, kò sì dúró síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ aránṣọ, onídìrí àti àwọn tó ń ta oúnjẹ fi pààrọ̀ kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọn sí èyí tó ń lo gáàsì ìdáná.

Ọgbọ́n ìṣòwò ni, ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn wí. Ohun tó ń kọni lóminú ni ìgbàgbọ́ tó tẹ̀ lé e, pé níwọ̀n ìgbà tí gáàsì kì í ti í rú èéfín dúdú, tí kò sì rùn bí epo, kò séwu tí èèyàn bá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tàbí sínú rẹ̀ pàápàá. Irọ́ gbuu ni.

Yálà epo ló ń jó ni o, gáàsì ni, tàbí èédú inú áyọ́ọ̀nù aránṣọ, bí iná kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, kì í jó délẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ti ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Òórùn tí a máa ń gbọ́ bí gáàsì bá ń jò, ńṣe ni wọ́n dìídì fi sí i kí a lè tètè mọ̀. Kò sẹ́ni tó fi irú rẹ̀ sí carbon monoxide. Bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí ró lọ, ní ìlọ́po tó ju 200 lọ. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni àmì rẹ̀, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ṣe máa ń sáré lọ ra oògùn ibà. Bí orí bá ń fọ́ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n jáde síta, kí wọ́n má pè é ní ibà o.

Ní ọdún 2024, òkú ọ̀dọ́ méje ni wọ́n bá nínú sítúdíò orin kan ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Lóòótọ́, sítúdíò máa ń dí pa kí ariwo má baà wọlé. Àmọ́ ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n fa ilẹ̀kùn irin rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òjò?

Àdánù kò ṣàjèjì sí ọjà Tẹjúoṣó. Iná jó o ní oṣù Kejìlá, ọdún 2007, ọdún 2014 ni wọ́n sì tó ṣí apá kìíní èyí tí wọ́n tún kọ́. Iná ṣeé rí, gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí kì í jó aṣọ, kì í ba ọjà jẹ́. Èèyàn ló ń mú lọ.

Àwọn kan á ní bí àwọn bá gbé jẹnẹrétọ̀ síta, olè á gbé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wẹ́dà lè ṣe àgò irin tó ní àgádágodo sí i, kó jó o mọ́lẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin tí ṣọ́ọ̀bù wọn sún mọ́ra bá sì dáwó ra jẹnẹrétọ̀ kan tó tóbi díẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á máa ṣọ́, ibi kan ṣoṣo ni èéfín á máa gbà jáde.

Àyẹ̀wò tó yẹ kò le. Ó yẹ kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu sáléńsà rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí èèyàn. Fáànù kò lè dípò èyí. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì máa yẹ kábúrétọ̀ wò, kó sì wò ó bóyá sáléńsà ti lu. Ẹ̀yin olóúnjẹ, iná sítóòfù gáàsì gbọ́dọ̀ jó ní àwọ̀ búlúù. Bó bá ń pọ́n, tí ìdí ìkòkò sì ń dúdú, ẹ pa á, kí ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yẹ rọ́bà gáàsì wò, ẹ má ṣe ṣáná sí i láéláé. Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì wà tó máa ń han gooro bí carbon monoxide bá ti pọ̀. Bí ẹnì kan bá dákú, ẹ tètè gbé e síta, kí ẹ pe 767 tàbí 112.

Àmọ́ ẹnì kan kò lè dá a ṣe. A sọ jẹnẹrétọ̀ kékeré ní “I better pass my neighbour”, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ aládùúgbò gan-an ni èéfín rẹ̀ ń lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì mú ilé gbóná, òfin ọdún 1998 sọ ọ́ di dandan fún onílé tó fi ilé háyà pé kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí yẹ ẹ̀rọ gáàsì àti ihò èéfín wò ní oṣù méjìlá-méjìlá. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún ayálégbé.

Nítorí náà, ojúṣe àwọn tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù ni láti pèsè ibi tí jẹnẹrétọ̀ á máa wà. Kí ìyálọ́jà, bàbálọ́jà àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ ọjà náà máa yí ká lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ ẹni tó bá gbé e sínú ilé. Ẹ̀yin oníṣòwò, owó tí gáàsì bá yín fi pa mọ́, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò yín bí ẹ ṣe ń kọ owó ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀ lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹnu sáléńsà rẹ̀ kọjú sí.